Ẹ Yé Fi Ọmọ Ránṣẹ́ Bí Àpò Gàrí

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn.

Ìyá onígàrí ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde ńbí. N kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, kíkà ni mo máa ń ka tiyín tí ọjà ò bá yá, àmọ́ ohun tí mo rí ní gáréèjì ní Sátidé tó kọjá ò jẹ́ kí n sùn. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ní kí n fi sílẹ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ ni, mo sọ ọ́ fáwọn ìyá ìjọ wa, àwọn ìyẹn ní ayé ti bàjẹ́, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ aṣọ àjọ̀dún lọ. Ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbi táwọn èèyàn á ti kà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wáyàbíìlì ṣe ń lọ fẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n, torí iṣẹ́ mi ni. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń kó gàrí ránṣẹ́ sí oníbàárà mi ní Mile 12, èmi ò ní bá a lọ. Láàárọ̀ kùtù mo ti máa dé gáréèjì, màá fi máákà kọ orúkọ ẹni tó ni ẹrù àti nọ́mbà fóònù ẹ̀ sára àpò, níwájú àti lẹ́yìn, torí tí wọ́n bá to ẹrù míì lé e, ojú kan ò ní hàn. Màá gba nọ́mbà dírẹ́bà, màá ya fọ́tò nọ́mbà ọkọ̀, màá wá pe oníbàárà mi níṣojú dírẹ́bà pé ọkọ̀ báyìí báyìí ló ń gbé e bọ̀ o, kí àwọn méjèèjì gbọ́ ohùn ara wọn. Tó bá débẹ̀, ẹni tó bá wá gbà á gbọ́dọ̀ pè mí kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀ fún un. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe é, àpò kan péré ló sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, ọjọ́ tí mo kánjú tí mi ò ya fọ́tò ni.

Ní Sátidé, mo ti parí tèmi, mo ń dúró kí ọkọ̀ kún kí n lè rí i pé ó gbéra, ni obìnrin kan bá dé lórí ọ̀kadà, kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó gbé àpò gàrí kan síwájú ọlọ́kadà, ọmọbìnrin kan wà láàárín. Ọmọ yẹn ò ju bí ọdún méje lọ, eyín iwájú ẹ̀ méjì ti ká, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun fún un ni, ìpàkọ́ ẹ̀ ṣì ń dán fún òróró. Ó gbé ọ̀rá dúdú kan dání. Obìnrin yìí mọ wáyàbíìlì, ẹ má ṣiyèméjì. Gbogbo ohun tí mo ní mo máa ń ṣe yẹn ló ṣe sí àpò ẹ̀, máákà, fọ́tò, ìpè. Ó bá dírẹ́bà sọ ọ́ nígbà mẹ́ta, "Ẹ má tò ó sábẹ́ ẹja o, gàrí máa ń gba òórùn." Òótọ́ ló sọ, ó máa ń gba òórùn.

Ìgbà tó kan ọmọ, ó ya bébà nínú ìwé ọmọ náà, ó kọ nọ́mbà kan sí i, ó ká a, ó kì í bọ àpò àyà ọmọ. Ó ní, "Dírẹ́bà, ẹ bá mi já a sí Ọjọ́ta, ẹ̀gbọ́n mi á ti wà níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n."

Ọmọ yẹn ní, "Mọ́mì, mi ò mọ̀ wọ́n."

"O mọ̀ wọ́n. Àwọn ló gbé ẹ nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́."

Dírẹ́bà gba owó gàrí. Fún ọmọ, ó ní kí wọ́n má san nǹkan kan, ó máa fún ara ẹ̀ sáàárín níwájú, lórí ẹ́ńjìnnì. Ni ìyá bá wojú aago, ó gun ọ̀kadà míì, ó lọ. Ọkọ̀ ò tíì kún o, ó tó bí ìṣẹ́jú ogójì lẹ́yìn ẹ̀ kó tó gbéra, ọmọ yẹn ò kúrò lójú kan, ó ń wo ẹnu géètì tí ìyá ẹ̀ gbà jáde, ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ ó máa fọwọ́ kan àpò àyà ẹ̀ bóyá bébà yẹn ṣì wà ńbẹ̀. Mo ra omi fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé mà." Mi ò sọ nǹkan míì. Àwa tá a wà níbẹ̀ á tó mẹ́wàá, oníṣòwò, àgbèrò, àwọn èrò, gbogbo wa la rí i, kò sẹ́ni tó ya ẹnu. Ọkọ̀ gbéra, èmi náà padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Mi ò lẹ́nu láti bú obìnrin yẹn o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí, orí ló kó mi yọ.

Oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni. A lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Kétu l'Ékòó, ẹbí ìyàwó ní kí gbogbo wa ra ànkárá aláwọ̀ aró tó ní òdòdó yẹ́lò gbàgàdà gbàgàdà lára, ìyókù aṣọ tèmi ni mo fi rán ti àwọn ọmọ, ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́fà, obìnrin ọmọ ọdún mẹ́ta. Bàbá wọn ti bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ padà nínú ọkọ̀ tó ní ẹ́síì, ó ní àyè ò sí, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná. Èmi, ọmọ méjì, kúlà ìrẹsì kan, àti àpò tí mo kó àwọn abọ́ rọ́bà tí wọ́n pín fún wa sí. A dé Interchange Ṣágámù, ọkọ̀ dẹnu kọlẹ̀, omi ń hó nínú rádíétọ̀, dírẹ́bà ní ká bọ́lẹ̀ ká wá ọkọ̀ míì, kò sì fẹ́ dá owó wa padà. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ nírọ̀lẹ́ oṣù Kejìlá á mọ ohun tí mò ń wí, tírélà tó ń ti ọ̀nà Benin bọ̀, bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ìbàdàn, èyí tó ń lọ Ìjẹ̀bú, gbogbo wọn ń fun fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, oníbúrẹ́dì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, òkùnkùn ti ń kùn.

Mo mú àwọn ọmọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá oníbúrẹ́dì kan tó dúró sójú kan, mo gbé kúlà sáàárín wọn, mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi wo ibí o, mò ń bọ̀." Mi ò dúró gbọ́ ohun tó fi dá mi lóhùn. Mo lọ bá dírẹ́bà jà lórí owó mi, mo tún lọ ná ọkọ̀ míì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fọkàn sí, kò lè dín ní ogún tí mo lò.

Nígbà tí mo padà, ọmọkùnrin mi ló jókòó lórí kúlà, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Àbúrò ẹ dà?"

Ó wò mí lójú bí ẹni pé mò ń bá a ṣeré. "Ẹ̀yin lẹ wá mú un."

"Èmi ṣe báwo?"

"Mo rí aṣọ yín."

Ìyá oníbúrẹ́dì ní, "Ẹrù yín rè é, ó pé." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo ní kó bá mi wo ibí, ó wo ibí. Ó ti lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ gbé àpò abọ́ mi. Èmi ni mi ò sọ pé ọmọ ni mò ń fi sílẹ̀ fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè sọ ọ́ tán. Gèlè mi bọ́, mi ò mọ ibi tó bọ́ sí. Mò ń pe orúkọ ọmọ láàárín títì, ọlọ́kadà kan ló fà mí sẹ́yìn kí tírélà má baà gbá mi, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló sì pín ara wọn wá a. Nígbà tó yá la gbọ́ ariwo ní òdìkejì. Ṣé ẹ rí i, ọmọ mi tẹ̀lé ànkárá. Obìnrin kan tá a jọ ti òde ìyàwó yẹn bọ̀, ọkọ̀ tiẹ̀ náà ló já a síbẹ̀, ló ń lọ wọ bọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Igbó, ọmọ mi rí òdòdó yẹ́lò, ó tẹ̀ lé e, obìnrin yẹn ò wẹ̀yìn. Wọ́n jọ dá títì yẹn kọjá, Olóòtú, títì yẹn. Nígbà tí wọ́n dẹ́nu ọkọ̀, kọ̀ndọ́ rí ọmọ nílẹ̀, ó rí i pé aṣọ ara ẹ̀ àti ti obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bára mu, ó gbé e sókè, ó fi í sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọkọ̀ kún, dírẹ́bà ti ṣíná, kí ọmọ tó bú sẹ́kún pé òun ń wá mọ́mì òun. Obìnrin yẹn wẹ̀yìn, ó ní, "Ọmọ ta rè é?" Wọ́n bi ọmọ pé kí lorúkọ mọ́mì ẹ̀. Ó ní Mọ́mì.

Kò sí gbọ́mọgbọ́mọ kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá oníbúrẹ́dì, èèyàn dáadáa. Kọ̀ndọ́ yẹn, ó gbé ọmọ kúrò nílẹ̀ kí mọ́tò má baà tẹ̀ ẹ́. Obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn, òun ló figbe ta. Ọmọkùnrin mi ò purọ́, aṣọ mi ló rí. Kò sẹ́ni tó ṣe búburú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ mi ì bá ti dé Ìjẹ̀bú-Igbó kí n tó mọ ọ̀nà tó gbà, lọ́dún tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní fóònù gidi lọ́wọ́. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kíyè sí i pé ọmọ kékeré ò kì í wojú, ìṣẹ́tí aṣọ ló ń rí, torí ibẹ̀ ni ojú ẹ̀ mọ. Ẹ wò wọ́n ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, kí ẹgbẹ́ kan máa kọjá, ọgọ́rùn-ún obìnrin nínú aṣọ kan náà, gèlè kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà, àwọn ìdílé Balógun ń bọ̀ lórí ẹṣin, ìbọn ń dún, ọmọ ọdún mẹ́ta gbójú sókè, ìyá ẹ̀ ti di ọgọ́rùn-ún. Kò sọ́dún tí wọn kì í fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe òbí pé ọmọ yín wà lọ́dọ̀ wa, ẹ wá mú un. Àwa tá a jókòó máa ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ojú méjì ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó, pé báyìí náà ni wọ́n ṣe wò wá dàgbà. Mo gbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní àdúgbò wa, tí mo bá yà kúrò lọ́nà ilé ìwé, ìyá aláró máa pariwo orúkọ mi, tí mo bá kọjá ibẹ̀ bàbá télọ̀ máa mú mi, kí n tó délé ìyá mi ti gbọ́. Ṣùgbọ́n igba ojú yẹn mọ ọmọ ta ni mí. Ẹni tó bá rí mi pẹ̀lú àjèjì á béèrè pé ta nìyẹn, níbo lẹ̀ ń lọ. Ojú tó wà ní gáréèjì ju igba lọ, kò sì sí ìkankan nínú ẹ̀ tó mọ ọmọ ẹni tí ọmọ yẹn í ṣe. Tí àjèjì bá fà á lọ́wọ́ níbẹ̀, gbogbo wa á rò pé bàbá ẹ̀ ni. Òwe yẹn ò ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́ta, ẹ jàre.

Àbúrò mi kan wà ní Manchester, ìgbà tí mo kọ ọ̀rọ̀ Sátidé yìí sórí WhatsApp ẹbí wa, òun ló rán wa létí ọmọ òyìnbó yẹn, Madeleine McCann. Àwọn àgbà inú wa á rántí, ó wà lórí tẹlifíṣàn lójoojúmọ́ nígbà yẹn. 3 oṣù Karùn-ún ọdún 2007 ni, àwọn òbí ẹ̀, dókítà làwọn méjèèjì, ti kó àwọn ọmọ wọn lọ lo ìsinmi ní Praia da Luz ní orílẹ̀-èdè Portugal. Madeleine ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, àwọn àbúrò ẹ̀ ìbejì jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Wọ́n tẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn nínú yàrá, àwọn òbí bá àwọn ọ̀rẹ́ lọ jẹun alẹ́ nílé oúnjẹ tó wà nínú ọgbà náà, kò tó 100 mítà, wọ́n wá ń yípo lọ yọjú wo àwọn ọmọ. Nígbà tó ń lọ sí aago mẹ́wàá alẹ́, ìyá lọ yọjú, àwọn ìbejì ń sùn, Madeleine ò sí. Wọn ò tíì rí i dòní. Ọlọ́pàá Portugal fura sáwọn òbí yẹn fúngbà díẹ̀, lọ́dún 2008 wọ́n ní kò sí ohun táwọn rí dì mọ́ wọn lára.

Lórí WhatsApp wa làwọn kan ti ń sọ pé ẹ ò rí i, òyìnbó náà ń ṣe é. Èmi ò fojú ìyẹn wò ó. Àwọn wọ̀nyẹn ń yọjú, wọ́n ń yípo, ọ̀nà ò jìn, ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, síbẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ta ló ń yọjú wo ọmọ tó wà lórí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ọjọ́ta?

Àbúrò mi yìí kan náà ní òfin ìlú ọba ò dárúkọ iye ọdún tí ọmọ gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ṣùgbọ́n tí ibi tó o fi í sílẹ̀ bá lè kó o séwu, wọ́n á gbé ẹ lọ kóòtù, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ pé ọmọ tí ò tíì pé 12, agbára káká ni kó fi gbọ́n tó ẹni tí wọ́n lè fi sílẹ̀ pẹ́. Ẹ má rò pé àwa ò lófin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, ìpínlẹ̀ Ògùn náà ṣe tiẹ̀ ní 2006, ó sì wà ńbẹ̀ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú àti ààbò òbí ẹ̀. Àmọ́ ẹ bi àgbèrò tó wà ní gáréèjì wa bóyá ó ti gbọ́ ọ rí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tún ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Àwọn tó ní ọkọ̀ tiwọn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ gáréèjì ò kàn wọ́n. Ẹ wá síwájú ọjà Òkè-Ajé kẹ́ ẹ wá wò ó, mọ́tò á dúró sínú oòrùn, ọmọ méjì á wà lẹ́yìn, wíndò á ṣí díẹ̀ báyìí, mọ́mì lọ ra ata, "ìṣẹ́jú márùn-ún." Ìṣẹ́jú márùn-ún obìnrin lọ́jà, èmi obìnrin ló ń wí i o! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó kí ooru inú ọkọ̀ tí wọ́n pa sínú oòrùn fi nǹkan bíi 10 dígírì ju ti ìta lọ, wíndò tí wọ́n ṣí díẹ̀ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dín in kù, ara ọmọ dẹ̀ máa ń yára gbóná ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ju tàgbàlagbà. Ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń kà á, ọmọ tí ooru inú ọkọ̀ ti pa láti 1998 ti lé ní 1,000, àwọn tó lé ní ìdajì nínú wọn ló jẹ́ pé àgbàlagbà ló gbàgbé wọn síbẹ̀. Àwa náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àgbádárìgì lọ́dún 2020, ọmọ mẹ́jọ ló wọnú ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ ṣeré, tí wọ́n há síbẹ̀, tí wọ́n kú. Àwọn ìyá wọn ì bá má sunkún, ká ní ẹnì kan ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn pa.

Àti àwọn tó ń ti ọmọ mọ́lé lọ òde. Wọ́n á fi àgádágodo sí i níta kí olè má wọlé, ọmọ ọdún mẹ́jọ á máa wo ọmọ ọdún méjì, sítóòfù wà nílé, kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì mọ́mì níbi ìnáwó ní Ìpẹru. Mi ò fẹ́ sọ ju ìyẹn lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn obìnrin máa wí, torí èmi náà á wí i. Ta ni mo fẹ́ fi í sọ́dọ̀? Ìyá mi ti kú, ìyá ọkọ ń ta ọjà tiẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí mo bá gbà, ọmọdé lòun náà. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ fún ẹni tó máa sin ọmọ lọ Èkó tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí ní gáréèjì, ilé ìgbẹ́ tó wà níbẹ̀, mi ò jẹ́ mú ọmọ mi wọ ibẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹ̀ lòótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá dà? Ní gbogbo ìtàn tí mo sọ yìí, ẹ wò ó, kò síbì kan tí bàbá ti yọjú, àfi ti tèmi tó wà nínú ẹ́síì. Tí ọmọ bá sọnù, ìyá ni wọ́n máa bú, tí wọ́n bá rí i, bàbá ni wọ́n máa kí kú oríire. Ọkọ mi máa ka èyí, kó kà á dáadáa.

Ohun témi ń ṣe látìgbà yẹn ò gba owó. Bírò ni mo fi ń kọ nọ́mbà mi sí apá ọmọ, ní abẹ́ ọwọ́ aṣọ, torí bébà ń bọ́, apá ò kì í bọ́. Mo kọ́ wọn ní orúkọ mi gan-an, kì í ṣe Mọ́mì, wọ́n ń kọ ọ́ lórin títí ó fi sú ẹ̀gbọ́n wọn. Láàárọ̀ tá a bá máa rìnrìn àjò mo máa ń ya fọ́tò wọn nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀. Tó bá di dandan kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, mo máa ń fa ọmọ lé ẹni tó ní ìsọ̀ lọ́wọ́, ẹni tí ò ní tẹ̀lé mọ́tò lọ, màá fi ọwọ́ ọmọ sọ́wọ́ ẹ̀, màá wí pé ọmọ mi rè é, orúkọ ẹ̀ rè é, mò ń lọ síbẹ̀ yẹn, màá sì dúró kó dá mi lóhùn pé ó ti gbọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mò ń ṣe é fún báyìí, ọmọbìnrin òdòdó yẹ́lò yẹn ti wà ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ó máa ń bẹ̀ mí pé màámi, ẹ ṣe sùúrù.

Ẹ wá bá mi sọ fáwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìwé tí wọ́n máa ń gbé yíká ọkọ̀ kó tó gbéra, tí èrò ń kọ orúkọ àti nọ́mbà ẹbí ẹ̀ sí, mánífẹ́ẹ̀sì, orúkọ ọmọ yẹn ò sí nínú ẹ̀, torí kò san owó ìjókòó. Mo wà níbẹ̀, ìwé yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó gbé e kọjá lórí ọmọ sọ́dọ̀ ẹni kejì. Ká ní nǹkan ṣe ọkọ̀ yẹn lójú ọ̀nà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, kò sí ibi tí wọ́n ti máa mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀. Kí wọ́n má gba ọmọ tí ò ní àgbàlagbà lẹ́yìn, tí ìyá bá bínú kó bínú. Tí wọ́n bá sì máa gbà á, ó kéré tán kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹrù mi, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n pe ẹni tó máa gbà á, kí ìyá dúró títí ọkọ̀ á fi gbéra.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá dírẹ́bà yẹn ní gáréèjì. Mo ní, "Ọmọ tó o gbé ní Sátidé ńkọ́?"

Ó ní, "Ọmọ wo, ìyá? Ọmọ tá à ń gbé pọ̀."

Mo ní ọmọbìnrin tó jókòó sórí ẹ́ńjìnnì, tí ìyá ẹ̀ fi gàrí ránṣẹ́. Ojú ẹ̀ là. Ó ní, "Áà, gàrí yẹn! Ó dé o. Ìyá ẹ̀ gan-an pè mí láti dúpẹ́ pé kò gba òórùn."

Mo ní ṣé ẹni tó gba àpò náà ló mú ọmọ dání lọ.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀."

Èmi ni tiyín,
Ìyá Onígàrí,
Ìjẹ̀bú-Òde.